Ẹ̀kọ́ Ìṣubú

"Tún ṣubú," Fáṣínà wí.

Akọpẹ náà ṣubú sórí iyanrìn, ó yí gbirigbiri, ó dìde. Ọjọ́ ọdún òmìnira nìyí, èrò ti kún pápá Pobè, ìjàkadì rẹ̀ ku díẹ̀, síbẹ̀ olùkọ́ rẹ̀ kò yéé kọ́ ọ bí a ti ń ṣubú. Ta ní í kọ́ akọpẹ ní ìṣubú, ohun tí wọn kì í dárúkọ nídìí ọ̀pẹ?

"Bàbá, bí a ṣe ń dá èèyàn ńkọ́?"

"Fi àgbọ̀n kan àyà. Tún ṣubú."

Ará Sakété ni Fáṣínà. Ará Sakété náà ni ẹni tí akọpẹ fẹ́ bá jà. Fáṣínà kì í sì í yí ọrùn wo èèyàn. Odidi ara ló fi ń yí, bí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́ sáyà. Ejò lọ́wọ́ nínú, akọpẹ ń sọ nínú ara rẹ̀.

Wọ́n pe àwọn méjèèjì tó fẹ́ jà. Ìjà náà kò pẹ́. Ará Sakété gbé e sókè, ó da orí rẹ̀ kodò, ó là á mọ́lẹ̀ gbì! Àgbọ̀n akọpẹ ti kan àyà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Obìnrin kan figbe ta.

Akọpẹ dìde, ó gbọn iyanrìn, ó fìbínú tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ ti tà mí!"

"Yí ọrùn rẹ sọ́tùn-ún."

Akọpẹ yí i.

"Sósì."

Ó tún yí i.

"Dídá nìkan ni olùkọ́ tèmi kọ́ mi," Fáṣínà wí. Ó wá yí odidi ara rẹ̀ padà, ó ń lọ sílé.