Ilẹ̀kùn Yàrá Àwẹ̀ró

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá Oyèlàjà ránṣẹ́ pe Súlè káfíńtà wá sílé rẹ̀ n'Ísẹ́yìn. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n máa ń fà wọnú ògiri, kò ṣeé tì mọ́ láti ìgbà tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti kú síbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ṣe ni Bàbá ti obìnrin náà mọ́lé nígbà tó ń ṣàìsàn.

Súlè tú ilẹ̀kùn náà, ó pààrọ̀ àwọn táyà kékeré orí rẹ̀, ó sì fi òróró sí irin tí wọ́n ń gbà lọ. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ́ tí nǹkan ń fi èékánná ha inú ògiri.

"Bàbá, ṣé eku ni?"

"Ṣe iṣẹ́ ẹ, jàre."

Nígbà tó parí, Bàbá wọnú yàrá lọ wò ó. Ilẹ̀kùn náà rọra jáde láti inú ògiri láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó sì tì gbọin. Súlè fà á títí, kò mì.

"Àwẹ̀ró, foríjì mí!" Bàbá ń ké lọ́hùn-ún.

Ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láti inú ògiri, lẹ́bàá etí Súlè gan-an:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, káfíńtà. Ó ti ń tì dáadáa báyìí. Ẹ máa lọ sílé."