Owó Bàbà Ẹnu Òkú

Iṣẹ́ Ìbídùn nílẹ̀ Ítálì ni pé kó máa fọ egungun tí wọ́n bá hú jáde nínú ibojì àwọn ará Róòmù àtijọ́. Àwọn ará ìgbàanì yẹn a máa fi owó bàbà kékeré sẹ́nu òkú, kó lè rí i san fún ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé òkú sọdá. Owó yẹpẹrẹ ni, kò lè rà ju búrẹ́dì lọ. Ìbídùn yọ ọ̀kan lẹ́nu ìyá arúgbó kan, ó dá a lu, ó sì fi okùn so ó mọ́ ọrùn Ìlérí, ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí tìyá tọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà tó dá, ìyá àgbà kan wá jókòó tì wọ́n. Òjò kò rọ̀, síbẹ̀ omi ń ro létí aṣọ rẹ̀. Ó panu dé pinpin.

Ìbídùn gbàgbé ibi tó wà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ìyá náà mi orí bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Ìbídùn sáré na ọwọ́ sí okùn owó ọrùn Ìlérí. "Ẹ dákun, mà, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Mo ti ń tú u báyìí." Ṣùgbọ́n okùn tí Ìlérí fúnra rẹ̀ máa ń tú láràárọ̀ kọ̀, kò tú.

Ìlérí rẹ́rìn-ín, ó dìde. "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀. Màmá ní kò sí wàhálà, pé owó ọkọ̀ ti wà lọ́rùn mi, kí n ṣáà máa bá àwọn lọ."