Ọ̀pá Inú Táǹkì

Ọjọ́ ti pẹ́ tí géèjì epo ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi ti ń parọ́. Bí táǹkì gbẹ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á ní ó kún. Ọ̀pá ni bàbá fi ń wọn epo kí wọ́n tó gbéra. Lọ́jọ́ tí mo lo epo wọn tán, wọ́n bi mí, mo ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọn ò wọ̀n ọ́n. Epo tán lójú ọ̀nà oko. Ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ wá epo lọ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti gbá wọn pa. Géèjì ni mo dá lẹ́bi lójú gbogbo ẹbí.

Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, irọ́ ẹ̀ ò yàtọ̀. Nírọ̀lẹ́ àná, ọkọ̀ kú lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Múfútáù tó ń bá mi tún wáyà ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí iwájú ni táǹkì ìjàpá wà. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń ṣọ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀pá ń kan ìsàlẹ̀ táǹkì: kó, kó, kó.

"Múfútáù, ó tó! Má lù ú já!"

"Kí ni mo lù, ẹ̀gbọ́n?" Inú igbó ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti dáhùn, níbi tó ti ń tọ̀.

Abẹ́rẹ́ rọra já wálẹ̀ sí òfo. Lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan wúkọ́.

"Ó ti gbẹ, Àkànmú. O sì mọ̀ kí n tó jáde nílé."