Ẹni Tí Wọn Kò Fi Okùn Dè

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí yàrá ìkàwé tuntun ní ilé-ìwé kan ní Ìfọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Táíyé Ìyàndá ṣì wọ kíláàsì. Orúkọ Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ fi sọ yàrá náà. Ológun ni Kẹ́hìndé, òkè Ọya ló kú sí.

Jẹ́ẹ́jẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Táíyé. Láti ìgbà tó ti dé ilé-ìwé náà, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Àwọn olùkọ́ yòókù ní bí àwọn tó fẹ́ràn ìwé ṣe máa ń rí nìyẹn.

Eré onítàn kan ni wọ́n ń kà. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló lọ sógun nínú rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi de Àjàgbé lọ. Ní ti Láoyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kèké mú. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n, ó wo Láoyè, Láoyè sì dìde.

“Nínú àwọn méjèèjì, ta ló fúnra rẹ̀ yàn láti lọ?” Ọ̀gbẹ́ni Táíyé béèrè.

Hameedah dìde. “Láoyè ni, sà. Kò sẹ́ni tó dè é.”

“Ṣé okùn nìkan ni wọ́n fi ń de èèyàn?” Ohùn rẹ̀ le. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àbdùlsàmàd ní, “Lójú tèmi, ti Àjàgbé sàn, sà. Ó rí ẹni tó máa ṣépè fún. Ta ni Láoyè fẹ́ ṣépè fún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀?”

“Ó lè sọ pé òun ò lọ,” Hameedah fèsì. “Kó lanu sọ ọ́, ó tán.”

“Ìwọ, o ti sọ bẹ́ẹ̀ fún bùrọ̀dá ẹ rí?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àbdùlsàmàd yíjú sí olùkọ́. “Sà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí Kẹ́hìndé bá ní kẹ́ ẹ lọ ra ẹ̀pà wá, ṣé ẹ ò ní lọ?”

“Táíyé kì í kọ iṣẹ́ Kẹ́hìndé.” Ọ̀gbẹ́ni Táíyé kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ rántí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Láoyè ló yàn án.”

Nígbà tó jáde, Yínúsà akunlé ti kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri yàrá tuntun náà tán: KẸ́HÌNDÉ ÌYÀNDÁ. AKỌNI TÓ FÚNRA RẸ̀ YAN OJÚ OGUN.

“Pa ìlà kejì yẹn rẹ́.”

“Ọ̀dà ò tíì gbẹ, sà. Á kàn bàjẹ́ ni.”

“Jẹ́ kó bàjẹ́.”

Ìyáàfin Fọláwẹ̀mí, ọ̀gá ilé-ìwé, yára dé. “Ọ̀gbẹ́ni Táíyé, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó fi túláàsì mú un. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé ẹ sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń gba ológun.”

“Mo sìn ín débẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́ nìyẹn. Mi ò ní dúró níwájú irọ́ kí n máa pàtẹ́wọ́.”

“Àwọn àlejò ti wà lójú ọ̀nà.”

“Kí wọ́n padà.”

Ìyáàfin Fọláwẹ̀mí mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Màmá ló bí i. Ohun tí Màmá bá sọ la ó ṣe.”

Màmá Àjíbíkẹ́ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Kò dé ilé-ìwé náà rí ṣáájú ọjọ́ yìí. Bí wọ́n bá ti pè é, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Láti àárọ̀, “ọmọ mi” nìkan ló ń pe olùkọ́ náà. Wọ́n mú un wá síwájú ògiri. Ọ̀gá ilé-ìwé kúnlẹ̀.

“Màmá, ṣé ká pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀?”

Màmá ka ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, kò nà án sí ìlà tí ọmọ rẹ̀ ń bínú sí. Orí orúkọ ló gbé e lé.

“Kẹ́hìndé,” ó sọ fún olùkọ́ náà, “orúkọ tìẹ nìyí, ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ ti Táíyé tí o fi orúkọ rẹ rán lọ.”