Bàbá Bọ́má àti Ìbídùn Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ìtàn ọmọ kan tó ń tijú baba rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ìlú Ìgbájọ ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀wé, ó mọ iṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ohun tí aráyé yóò sọ ló máa ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju òótọ́ lọ.

Baba rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ilẹ̀ Gáná ni wọ́n ti bí i, Kwésí Aídù ni wọ́n sì sọ ọ́. Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé e dé ilẹ̀ Bọ́má ní Éṣíà, níbi tí òun àti Adéyẹmọ, ọmọ Ìgbájọ, ti di ọ̀rẹ́. Nígbà tí ogun parí, Adéyẹmọ ti fi ẹsẹ̀ gbọgbẹ́, Kwésí sì ní ọ̀rẹ́ òun kò ní dá rin ìrìn àjò náà. Ó sìn ín délé. Ó ní òun yóò sinmi díẹ̀ kí òun tó kọrí sí ìlú òun, àmọ́ bó ṣe rí Àdùnọlá, àbúrò Adéyẹmọ, ni ìsinmi bá di ìgbéyàwó, ìgbéyàwó sì di ọmọ. Bó ṣe di Bàbá Bọ́má nìyẹn.

Ọkùnrin yìí kẹ́ ìdílé rẹ̀ bí ẹyin ojú. Ó máa ń pọnmi kí ìyàwó rẹ̀ tó jí. Òun ló ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní ẹni tó mọ okùn dì lójú ogun kò lè ṣàìmọ irun dì. Èdè Yorùbá nìkan ni kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lọ ra ọkọ́ lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ló bá ní, "Ẹ bá mi wá ọkọ tó mú." Alágbẹ̀dẹ fèsì pé òun gan-an ni ọkọ tó mú jù ládùúgbò, ṣùgbọ́n ìyàwó òun kò ní gbà kí òun ta ara òun. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàbá Bọ́má sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ìbídùn nìkan ló dorí kodò.

Nígbà tí Ìbídùn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá àgbà ológun ni baba òun, ìlú òyìnbó ló sì ń gbé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń wá wò ó, nítorí náà irọ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àdùnọlá bímọ tuntun, Bàbá Bọ́má ló gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó wọ kóòtù ológun rẹ̀, ó fi àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sáyà, ó di ìkòkò kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo ti ilẹ̀ Gáná, àti ẹja díndín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń kọrin lọ.

Ìbídùn jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣùbúọlá, bi í pé ta ni bàbá tó ń juwọ́ sí wọn yẹn. 

Ìbídùn ní, "Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé wa ni."

Bàbá ti súnmọ́ wọn, ó sì gbọ́.  Ó na ara rẹ̀ ró, ó gbé ọwọ́ sí orí bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá mi kékeré," ló wí, "baba yín ní kí n gbé oúnjẹ wá. Ó ní ẹ jẹun dáadáa."

Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Àwọn ọmọ ṣí ìkòkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣùbúọlá ní láti ìgbà tí òun ti dé ilé ẹ̀kọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó wá wo òun, bó bá tilẹ̀ jẹ́ irú ọdẹ yìí ló wá, inú òun ìbá dùn. Ìbídùn ju òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó sáré.

Ó bá baba rẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún. Baba gbé e dìde.

"Lójú ogun," ló wí, "mo rí akọni tó fi ewé bo ara rẹ̀ torí ẹ̀rù. N kò pè é ní ojo. Mo dúró tì í títí ó fi dìde. Ìwọ náà ti dìde."

Ìbídùn gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un padà sí abẹ́ igi. Ó ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Baba mi nìyí, Kwésí Aídù lorúkọ wọn."

 Ṣùbúọlá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Bọ́má ti ń kọ́ wọn bí ológun ṣe ń yan. Ó ń pàṣẹ ní Yorùbá tirẹ̀, àwọn kan ń lọ sọ́tùn-ún, àwọn kan ń lọ sósì, ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà kan. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ àbẹ̀wò tí kì í wá, ìkòkò ńlá ló sì máa ń gbé, kí ọmọ tí kò ní àlejò lè rí nǹkan jẹ.

Ó gbó, ó tọ́ kó tó lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn obìnrin tó ti jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ti Kánò, ti Èkó àti ti Ìbàdàn wá, gbogbo wọn ń pè é ní baba. Wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ìbídùn ló sì ròkè jù. Àlejò kan bi Àdùnọlá pé ọmọ mélòó ni olóògbé náà bí gan-an. Ìyá àgbà dáhùn pé, "Márùn-ún ni èmi bí fún un. Ibi tó ti rí ìyókù, òun ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe tijú ẹni tó bí yín nítorí ahọ́n rẹ̀ kò yọ̀ tàbí aṣọ rẹ̀ gbó. Bí ẹ bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ tètè sáré bá a nígbà tó ṣì wà nítòsí. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.