Ọrùn Wáyà

Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́ta tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa gbé ṣájà kan náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà. Ó gbé e lé orí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, sà. Bàbá mi ń dúró."

Ẹnjiníà ti jígí ojú rẹ̀ sókè. Níbi tí wáyà ti wọnú orí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, rọ́bà ti ya, àwọn fọ́nrán bàbà tín-ín-tín-ín sì yọ síta bí irun imú àgbàlagbà.

"Ọrùn ló tún ṣẹ́. Àbí wáyà lẹ ń fà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ ni? Orí ni wọ́n ń dì mú o."

"Orí náà ni mò ń dì mú, sà."

"Ẹ ò ká a mọ́ra pinpin?"

"Rárá o. Ẹ ò ṣáà mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó họ orí. Ó ní wáyà kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fọ́nrán inú rẹ̀ pọ̀. Tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lójú kan náà, ọ̀kan á já lónìí, òmíràn á já lọ́la, ìwọ̀nba tó kù á wá máa ru ẹrù gbogbo wọn, á máa gbóná, rọ́bà á sì yọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń gbọ́ ọ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń múra ìdánwò. Ọkùnrin náà fi òjé jó o pọ̀, ó wé téèpù mọ́ ọn.

"Ẹ máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Irú ẹnu yìí ò sí lọ́jà mọ́."

Nílé, bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ọdún méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ìtàn ayé rẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ìyẹn sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá. Tí kò bá sí wáyà, pákó lásán ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń ka orí kan fún un. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ku orí kan ṣoṣo, èyí tó dá lórí ọjọ́ tí bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn.

"Ṣé ó ti dáa?" bàbá béèrè.

"Ó ti dáa, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, ṣájà náà tún kú. Nígbà tó lọ sọ fún bàbá, ojú rẹ̀ ti wú.

Bàbá di ojú. "Egungun mi ń jó mi, ọmọ mi. Ìwé yẹn nìkan ló dá mi dúró. Kí n ṣáà gbọ́ ọ dópin, kí n lọ sinmi."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ kíṣìnnì lọ, ó ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu, ó sunkún. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú bàbá ti bá a.

"Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà dá fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá rèé. Ẹ bá wọn wá nǹkan ṣe sí ìwé yẹn. Wọ́n ń jìyà."

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo mọ̀."

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dé. Ó ti wá ìlú mẹ́ta kiri kó tó rí ṣájà tuntun tí ẹnu rẹ̀ bá kọ̀ǹpútà náà mu. Òwú líle ni wọ́n hun bo wáyà rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó kì í bọ ojú iná níwájú bàbá wọn. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn, bàbá sì fi ọwọ́ tó ti gbẹ lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń pàtẹ́wọ́.

"Èyí ò lè já láéláé," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

"Ó tó, àbúrò mi. Ìyà ti tán. Lọ tẹ èyí tó kù. Lọ́la, gbogbo wa la jọ máa jókòó gbọ́ ọ."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé kọ̀ǹpútà àti ṣájà náà lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó wo orí ìkẹyìn, tó ti tẹ̀ parí láti oṣù mẹ́ta àbọ̀ sẹ́yìn, ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó di wáyà tuntun mú lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ó ń ṣẹ́ ẹ sósì.