Òfin Àgò tí Kìnnìún Ṣe

Àlọ́ mi já lu Kìnnìún ọba, tó ṣòfin pé ẹni tó bá wọlé láìkágò ti di ẹran onílé. Ẹranko tí ẹ̀rù bá mú kó gbàgbé àgò láàfin, Kìnnìún á jẹ ẹ́, á ní: "Òfin ni, èmi kọ́!"

Lọ́jọ́ kan, ó lé ọmọ Ehoro dé ihò ìyá rẹ̀, ó ki orí bọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀ há. Ìyá Ehoro dárin, ẹranko gbogbo ń gbè é:

Ọba wọlé, kò kágò!
Jàǹjá!
Òfin ọba mú ọba!
Jàǹjá!

"Ìyá Ehoro, má pa mí o!"

"Kábíyèsí, mi ò jẹran. Ẹ ṣáà búra pé ẹ ó máa kágò níta títí n ó fi dáhùn."

Ó búra, wọ́n fà á yọ. Igbe rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nígbó dòní, àgò ni. Ìyá Ehoro ò tíì dáhùn.